Ìtẹ́lẹ̀ Bàtà Misturat àti Òfì Iwájú Ilé

Àlàmísì, 17 Épírì 2025

Bàbá Àgbà ti fẹnu ara wọn sọ ọ́ lónìí, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Wọ́n ní èjìká àwọn ò gba òfì mọ́. Tí Iléyá bá ti kọjá, ẹlòmíì ni yóò jókòó sídìí òfì iwájú ilé.

Òfì iwájú ilé! Ibẹ̀ ni mọ́tò Ìlọrin àti ti Ìbàdàn máa ń dúró. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń bi pé "Ta ló hun èyí?" Àwa tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rín wọn nìkan là ń gbọ́. Jẹ́ẹ́dé ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ òfì, ọ̀kadà ló wù ú. Àwọn ọmọkùnrin yòókù nínú agboolé ti bá Èkó lọ. Ó wá ku èmi, ó ku Misturat.

Misturat! Ọmọ àbúrò bàbá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún kejì rẹ̀ rèé péré tó ti Ìgànná dé Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ ló ń rù níbẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà jókòó sídìí òfì. Èmi, ẹ̀gbẹ́ òfì ni wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú.

Bàbá Àgbà ní ká ta aṣọ ẹtù kọ̀ọ̀kan sórí òfì, òwú kan náà, gígùn kan náà. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwọn á tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, àwọn á sì mọ ẹni tó kàn.

Nígbà tí wọ́n wọlé tán, mo sín wọn jẹ. Mo dẹ èjìká kan sílẹ̀, mo fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí mi ò ní, mo ní, "Hẹ̀n, èjìká ààwọn ò gba òòfì mọ́ o." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Misturat ló rẹ́rìn-ín jù, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn mí. Ẹni téèyàn fẹ́ máa bínú sí ò yẹ kó mọ ẹ̀rín í rín tó bẹ́ẹ̀.

Mo yára jù ú lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Mo lè kọ ìyẹn síbí torí kò sẹ́ni tó máa kà á. Ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ nídìí òfì. Tó bá ti tẹ ìtẹsẹ̀ díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀, á máa fi ọwọ́ méjèèjì fún gìgísẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo gbójú lé.

Sátidé, 19 Épírì

Mo rin ìrìn Misturat lónìí láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Ìrìn rẹ̀ rọrùn í mú. Èèyàn á ya ẹsẹ̀ síta bíi pẹ́pẹ́yẹ, á jẹ́ kí kókósẹ̀ wó sínú, orúnkún méjèèjì á fẹ́ máa kíra wọn. Á wá máa gbé ara nílẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún tí kò fẹ́ kí ẹ̀gún mọ̀. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá mi yọ láti ilé ìdáná tàwọn ti ìpọnkọ ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Sodiqat! Ìwọ ọ̀bọ yìí! Ohun tí Ọlọ́run fi ṣe ẹlẹ́ran ara lò ń fi ṣeré?"

Misturat ò bínú. Ó jókòó sórí òkúta tirẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dára gan-an. Níwọ̀n ìgbà tó o ti fi ẹsẹ̀ mi dé ìdí kànga, bá mi fi pọn omi tèmi bọ̀."

Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá ń bá a rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara wọn, wọ́n ń fi òrí pa á. Ìyá mi. Ìyá tó bí mi. Ní ọdún tó kọjá tí ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀, ohun tí wọ́n wí ni pé, "Fi itọ́ sí i."

Àtàláátà, 22 Épírì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Òwú rin. Máńgòrò já lulẹ̀ rẹpẹtẹ, Misturat tí kò lè sáré ló tún ṣa èyí tó pọ̀ jù.

Àlàmísì, 24 Épírì

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Òun àti ìyá mi, iwájú bọ́ọ̀sì ni wọ́n jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Èmi tí ẹsẹ̀ mi pé ni mo dúró sílé ṣa ẹ̀wà. Mi ò tíì jókòó níwájú bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣakí rí láyé mi.

Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu ìyá mi. Dókítà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, obìnrin ni wọ́n, Dókítà Olúwafọlákẹ́mi. Wọ́n ní kí Misturat ki ẹsẹ̀ bọ inú omi, kó wá tẹ bébà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn látòkè délẹ̀ bí ègé iṣu. Ẹsẹ̀ ọmọ aráyé máa ń gbé sókè díẹ̀ láàárín, tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí kókósẹ̀ fi ń wó, tí gìgísẹ̀ fi ń ta á bí agbọ́n. Wọ́n á ṣe ìtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú bàtà méjèèjì fún un, tí yóò máa gbé àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ró.

"Ṣé á wá lè jókòó pẹ́ nídìí òfì?" Bàbá Àgbà ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ní á jókòó, Bàbá."

Bàbá Àgbà ní, "Alihamudulilahi." Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ ò yé mi. Ó dà bíi pé wọ́n ti ń retí ìròyìn yẹn tipẹ́.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo da omi sẹ́sẹ̀, mo tẹ símẹ́ǹtì. Gìgísẹ̀ hàn, ìlà tín-ín-rín kan hàn létí, ọmọ ìka márùn-ún hàn. Àárín ṣófo. Ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Ẹsẹ̀ tó rẹwà ni. Mo dúró tì í títí oòrùn fi fà á mu, bóyá ẹnì kan á kọjá. Kò sẹ́ni tó kọjá.

Jímọ̀, 2 Méè

Ìtẹ́lẹ̀ ti dé. Jẹ́ẹ́dé ló fi ọ̀kadà lọ gbà á ní gáréèjì. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ jin bí àwo kékeré kí gìgísẹ̀ lè jókòó, àárín rẹ̀ wú sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ìyá mi ra kàńfáàsì funfun tuntun tì í. Tuntun o! Gbogbo agboolé ló fọwọ́ kàn án. Bàbá Àgbà tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò, wọ́n mi orí. Ìyá Àwáwù ará ilé kejì pàápàá wọlé wá wò ó, ewúrẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Misturat ní, "Wọ́n ní kí n máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, pé á kọ́kọ́ ro mí kó tó tù mí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún."

Ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan. Mo ti ń ronú láti ìgbà yẹn. Kí ni wọ́n ti wọ̀n fún èmi nìkan rí? Yúnífọ́ọ̀mù mi, ti Àǹtí Àyọ̀ká tó ti relé ọkọ ni. Kàńfáàsì dúdú mi, Jẹ́ẹ́dé ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kó tó dẹ́kun ilé ìwé. Kùránì tí mo fi ń lọ ilé kéú, ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Àtìní, 5 Méè

Màá kọ èyí kí n má baà gbàgbé.

Nílé wa, èèyàn kì í wọ bàtà jókòó sídìí òfì. Bàbá tó bí Bàbá Àgbà ló fi òfin yẹn sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbàgbé sílípáàsì sẹ́sẹ̀, wọ́n nà mí débi tí mo fi tọ̀ sára. Àlàájà kan wá láti Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ ya fọ́tò nídìí òfì, wọ́n ní kó bọ́ bàtà olówó ńlá yẹn, ó sì bọ́ ọ.

Lónìí, Misturat bọ́ kàńfáàsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fẹ́ gun òfì. Bàbá Àgbà ní, "Wọ̀ ọ́."

"Bàbá, òfì ni o."

"Mo rí òfì. Aláìsàn, Ọlọ́run ò kan ààwẹ̀ nípá fún un, ká má tíì wá sọ òfin tèmi. Wọ̀ ọ́, ọmọ mi."

Ọmọ mi.

Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ń dun èmi náà." Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. "Ìwọ, ẹnu ló ń dùn ọ́."

Àlàrùba, 7 Méè

Kò sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀. Kò fún gìgísẹ̀. Pákí-pákí, pákí-pákí, bí ìtẹsẹ̀ òfì rẹ̀ ti ń dún nìyẹn. Aṣọ rẹ̀ ti bá tèmi, ó sì ń kọjá lọ. Etí rẹ̀ gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Gàrí ti tún wọ́n sí i. Kò sí ohun tó dára.

Jímọ̀, 9 Méè

Gbogbo wọn lọ sí Jímọ̀. Mo ní inú ń run mí.

Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lẹ́sẹ̀ ni. Mo yọ ìtẹ́lẹ̀ kúrò nínú kàńfáàsì rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú tèmi, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìwọ̀n bàtà kan náà là ń wọ̀. Ó dà bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀ mú láti ìsàlẹ̀. Mo rìn yí ká yàrá. Bí mo ṣe ń so okùn bàtà kejì le ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Àwáwù lójúde, wọ́n ti ń dé láti mọ́sálásí. Mo jáde lọ pàdé wọn. Mo ní ẹ kú àdúrà.

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Sátidé, 10 Méè

Ilé dàrú. Ìyá mi tú àpótí aṣọ gbogbo wa, wọ́n gbé ẹní sókè, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò gàrí dé ìgúnpá. Jẹ́ẹ́dé ní ewúrẹ́ Ìyá Àwáwù ló jẹ ẹ́, pé òun rí i lánàá tó ń jẹ nǹkan tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ni wọ́n bá kọjá sí ọ̀hún.

Ìyá Àwáwù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi gèlè di ìdí mọ́. "Ewúrẹ́ mi? Ewúrẹ́ mi ò jẹ bàtà rí! Èèpo iṣu ló ń jẹ, ó sì mọ èèpo iṣu ilé ẹni!"

Jẹ́ẹ́dé ní, "Ṣebí òun náà ló jẹ fìlà Kàdírì lọ́jọ́sí?"

"Fìlà ò ní ìdọ̀tí tó ti bàtà!"

Èmi gan-an ni mo pariwo jù nínú ìwákiri yìí. Mo wo abẹ́ ibùsùn, mo wo orí àjà. Wọ́n ń wá a, èmi sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ibòmíì tí mo lè fi í sí tí ọwọ́ ìyá mi ò ní dé.

Misturat jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kàńfáàsì funfun lé itan, ó ń wo inú rẹ̀ bíi pé ìtẹ́lẹ̀ náà kàn lọ sójà ni, pé á padà wálé.

Àtàláátà, 13 Méè

Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ní ti tòótọ́. Nǹkan yìí ń ti àárín ẹsẹ̀ mi sókè bí ẹni fẹ́ fi jáàkì gbé mọ́tò, ó ń da kókósẹ̀ mi síta. Etí ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn bí akàn. Tí mo bá bọ́ bàtà gun òfì, iṣan ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n lórí ìtẹsẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́ jù àti ìgbà tí mi ò tẹ̀ ẹ́ tó.

Mo sì ti jáde pẹ̀lú ìrìn yẹn. Jẹ́ẹ́dé rí mi lójúde, ó pa ọ̀kadà. "Dúró, dúró, ẹ má sọ fún mi. Ràmọ́nì télọ̀ tó ń tiro ni!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Rárá o, àgbò Iléyá tó ti okùn bọ́ ni."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Jẹ́ẹ́dé dì mọ́ ọ̀kadà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni máa ṣubú. "Ẹ gbọ́ ohùn! Ohùn Ràmọ́nì gẹ́lẹ́!"

Àlàmísì, 15 Méè

Misturat ti padà sí fífún gìgísẹ̀. Ó ń hun, ó ń dúró, ó ń hun. Lónìí ó tẹ orí mọ́ igi òfì fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Aṣọ rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Ó yẹ kínú mi dùn. Inú mi dùn.

Mo ti kọjá rẹ̀ ní ìdajì apá.

Sọ́ńdè, 18 Méè

Mo gbé omi bọ̀ láti ẹ̀rọ lónìí. Níbi tí àgbàrá ti wa ọ̀nà, bàtà dà mí síta, kókósẹ̀ mi yí. Garawa bọ́, omi bo ilẹ̀ pupa, èmi náà bo ilẹ̀ pupa. Mo ké.

Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ìyá Àwáwù ní, "Ó ti dé. Ta ló tún ń sín jẹ báyìí?" Mo ń sunkún, wọ́n ní ẹkún náà jọ ti ẹni tó ń sunkún gan-an. Mo rá pálá dé ilé. Jẹ́ẹ́dé ní kí n tún un ṣe kí òun fi fóònù ká a.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ mí lójú kókósẹ̀, ọwọ́ wọn wọlé lọ bí ẹni tẹ àkàṣù ẹ̀kọ. Ó wú, ó gbóná. Wọ́n ní, "Jẹ́ẹ́dé, gbé fóònù yẹn jù sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sín wíwú jẹ."

Èmi fúnra mi ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ tó wú, mo gbé e tì sẹ́yìn mi. Wọ́n fẹ́ bọ́ bàtà kejì fún mi, mo ní rárá, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Àtàláátà, 20 Méè

Èyí máa gùn.

Ìyá mi ní a ń lọ Ṣakí, èmi àti Misturat pọ̀. Kí wọ́n wo kókósẹ̀ mi, kí wọ́n tún ẹsẹ̀ Misturat wọ̀n kí wọ́n lè ṣe ìtẹ́lẹ̀ mìíràn. Mo jókòó níwájú bọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ìyá mi ra ẹ̀pà sísè fún mi ní Òkèehò, wọ́n ń bó o sí mi lọ́wọ́, wọ́n ń ní, "Ṣé ibẹ̀ ò ro ọ́?" Gbogbo ohun tí mo ti ń fẹ́ láti oṣù tó kọjá pé lójú kan náà, mi ò sì lè gbé ẹ̀pà mì. Torí ìtẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi ti ní kí n wọ sílípáàsì, mo kọ̀, torí Misturat ló ń gbálẹ̀ yàrá, á rí i nínú bàtà mi. Okùn bàtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ńṣe ni mo tú u sílẹ̀ pátá.

Nígbà tá a dé ọsibítù, mo ní mo fẹ́ tọ̀. Mo tiro dé ṣáláńgá. Mo yọ ìtẹ́lẹ̀ méjèèjì, mo nà wọ́n sókè ihò. Kí n jù ú, kó parí.

Mo wò wọ́n. Ìka ẹsẹ̀ Misturat ti dúdú sára rẹ̀, tèmi wà lórí tirẹ̀. Mo wá rò ó: tí mo bá jù ú síhò, tuntun ni wọ́n máa ṣe fún un. Gbogbo agboolé á tún pé jọ, wọ́n á tún fọwọ́ kàn án. Bàbá Àgbà á tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi á tún rin ìrìn àjò lórí rẹ̀. Mi ò lè fara da ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ́ wọn padà sínú bàtà, mo tiro wọlé.

Dókítà Olúwafọlákẹ́mi ò sanra, wọn ò sì ní ariwo. Wọ́n fọwọ́ yí kókósẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kò ṣẹ́, ó kàn yí ni. Wọ́n ní, "Bọ́ bàtà kejì kí n wo bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn." Mo bọ́ ọ. Wọ́n wo bàtà náà ju bí wọ́n ṣe wo ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé. Ṣebí ẹ ní ó sọnù?"

Ìyá mi wo ìtẹ́lẹ̀, wọ́n wò mí. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ń rántí àpò gàrí.

Misturat ní, "Èmi ni mo yá a, Dókítà. Ẹsẹ̀ ń ro òun náà. Mo gbàgbé pé mo yá a ni."

Kò ṣẹ́jú. Kò fi ọwọ́ họ ara. Ohùn rẹ̀ ò gòkè, kò sọ̀. Èmi tí mò ń fi gbogbo ohùn ilẹ̀ yìí ṣeré, mi ò lè sọ irú irọ́ yẹn kó dúró. Irọ́ pàápàá, ó tún mọ̀ ọ́n pa jù mí lọ.

Dókítà ní, "Ìtẹ́lẹ̀ kì í ṣe yẹtí tí ẹ̀ ń yá ara yín wọ̀. Ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ dúró ló ń da tìẹ nù yìí." Wọ́n di kókósẹ̀ mi ní báńdéèjì. Wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ mi kejì sókè, wọ́n fi ìka kan tọ àárín rẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ dára gan-an, ṣó o mọ̀? Kò sí ohun tó yẹ ká fi kún un."

Mo ti ń dúró de ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá dé, ojú tì mí débi tí mi ò lè ní ẹ ṣé.

Ní bíbọ̀, ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì la jókòó. A kọjá Òkèehò. Ìyá mi wá fẹnu sí mi létí: "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́ ni, àbí ojú?"

Àlàrùba, 21 Méè

Ìyá mi fi òrí pa kókósẹ̀ mi láàárọ̀. Òrí náà ò tutù, kò gbóná.

Mo bi Misturat léèrè nígbà tó ku àwa méjì. "Kí ló dé tó o fi gbà mí sílẹ̀?"

Ó ń tẹ́ ìtẹ́lẹ̀ sínú kàńfáàsì funfun, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ta ló gbà ọ́ sílẹ̀? Tí wọ́n bá gba òfì lọ́wọ́ ẹ nítorí ẹjọ́, wàá máa sọ káàkiri Ìsẹ́yìn pé ìwọ ì bá ti borí. Aṣọ ni mo fẹ́ fi borí ẹ, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò fẹ́ ẹjọ́."

Jímọ̀, 30 Méè

Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Òjò lójoojúmọ́. Pákí-pákí tirẹ̀, pákí-pákí tèmi. A ò sọ̀rọ̀ bí kò ṣe "Na òwú sí mi" àti "Gbà."

Àlàrùba, 4 Júùnù

Tèmi ló kọ́kọ́ parí! Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ló ṣì kù fún un. Mo sín igbe àkùkọ jẹ, mo sín fèrè ọ̀kadà Jẹ́ẹ́dé jẹ, mo sín Àlàájà Ìlọrin tó ń bọ́ bàtà jẹ.

Jímọ̀, 6 Júùnù

Iléyá. Ẹran pọ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa tẹ́ ẹtù.

Sátidé, 7 Júùnù

Wọ́n tẹ́ ẹtù méjèèjì sórí ẹní níwájú ilé. Gbogbo ilé wà níbẹ̀. Bàbá Àgbà kúnlẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí ti Misturat láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n dúró níbì kan. "Ibí yìí, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó tẹ̀ ẹ́ kò dọ́gba." Wọ́n tún tẹ̀ síwájú. "Ibí yìí, ara ti tù ú."

Wọ́n bọ́ sórí tèmi. Ó ń lọ dáadáa. Mo ti ń rí ara mi níwájú ilé. Wọ́n dúró. Wọ́n padà sẹ́yìn. Wọ́n lajú.

Òwú pupa tí wọ́n máa ń so sétí aṣọ wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láti mọ ibi tá a hun dé ni wọ́n ń wá. Wọ́n fi ìka kan sórí òwú pupa tèmi, wọ́n fi ìka kejì sórí ti Misturat. Jímọ̀ kẹsàn-án oṣù Méè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé òwú pupa tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọjá rẹ̀ díẹ̀. Lára aṣọ méjèèjì, ibi tí ìhun ti rọ̀, tó le, tó tún rọ̀, ibì kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn ọmọ yìí," ni wọ́n wí, wọn ò gbé ohùn sókè. "Bàtà mélòó lẹ̀ ń pín wọ̀?"

Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Mo rí Misturat tó la ẹnu, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ, pé òun ló yá mi, pé òun gbàgbé. Á tún sọ ọ́ dáadáa. Wọ́n á gbà á gbọ́. Wọ́n á wá sọ pé tèmi ló kọ́kọ́ parí, òfì á di tèmi, màá sì máa jókòó sórí irọ́ Misturat títí ọjọ́ ayé mi, lójoojúmọ́, níwájú ilé, lójú oníbàárà.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó pa ẹnu dé.

Bàbá Àgbà dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún nù. "Òfì iwájú ilé di ti Misturat. Sodiqat á jókòó sí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo lọ jókòó sídìí kànga. Mo sunkún ní ohùn ara mi.

Àtìní, 9 Júùnù

Láti orí òfì tèmi, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rí látàárọ̀: kàńfáàsì funfun méjì tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹsẹ̀. Mọ́tò Ìlọrin dúró lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló hun èyí?" "Èmi ni, mà." Ẹ gbọ́ ohùn! Bí oyin. Mo ti lè sín in jẹ báyìí.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí gbogbo ilé ń palẹ̀ mọ́, ó yí padà sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, sín mi jẹ."

"Fi mí sílẹ̀."

"Ìrìn mi. Èyí tí mò ń rìn báyìí. Gbogbo ará ilé ló ń sọ pé ó ti yí padà, èmi nìkan ni mi ò lè rí i. Jọ̀ọ́. Dé ìdí kànga lásán."

Ìyá mi dẹ́kun gbígbálẹ̀. Mo dìde, mo kọ́kọ́ dúró kí n mú un. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa gbá mú kó tó lè sín ẹlòmíì jẹ. Mo ronú kan kókósẹ̀ rẹ̀: ó dúró. Orúnkún: olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀. Gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, ìka tẹ̀ lé e. Mo wá gbogbo ara rẹ̀ kiri bí ìyá mi ṣe wá inú àpò gàrí, mi ò rí nǹkan kan dì mú.

Mo rìn lọ sídìí kànga. Mo yí padà.

Misturat ṣì na ọrùn, ó ń wò mí. "O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Mo ti parí."